Mọ́tò Tí Wọ́n Fọ̀ Bí Ìkòkò

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, mọ́tò ló kọ́kọ́ wọlé kí ẹni tó pẹjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn géńdé ló tì í gba ẹnu ọ̀nà ńlá, wọ́n sì ti fi aṣọ ìbora bò ó láti òrùlé dé táyà. Bàbá Dídán ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó lejú koko, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ṣé kò lè rìn mọ́ ni?" Baálẹ̀ bi í.

"Ó lè rìn, Baálẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti wà á gba ìgboro."

Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá Dídán. Mọ́tò dúdú yìí ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń dán débi pé àwọn adìẹ àdúgbò ń bá àwòrán ara wọn jà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi tí mo ń to àga ní ààfin ti dúró síbẹ̀ rí, mo fi ṣe dígí gé irùngbọ̀n mi.

"Ta lẹ wá pè lẹ́jọ́?"

"Arọkòkò yìí ni. Ẹni tí mo fẹ́ fi ọmọ mi fún."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rọ ìkòkò irin tà ló dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi, ojú rẹ̀ sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Kí ló ṣe fún yín?"

Bàbá Dídán sún mọ́ mọ́tò náà. Ó di etí aṣọ ìbora mú, ó fà á kúrò. Àwọn ìgbìmọ̀ ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò dúdú ti ṣá, ó ti họ yánnayànna, ó rí bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara.

"Baálẹ̀, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi nu mọ́tò fún olówó. Mo nu ti ọ̀gá, mo nu ti ìyàwó ọ̀gá, mo nu ti ọmọ ọ̀gá tí ò tiẹ̀ mọ mọ́tò wà. Èyí nìkan ni mo nù rí tó jẹ́ tèmi. Láràárọ̀, kí n tó jáde, ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo ti ń wò ó bóyá fìlà mi dọ́gba. Sátidé tó kọjá, mo lọ sípàdé àwa awakọ̀ àtijọ́. Kí n tó dé, ọmọkùnrin yìí ti fi kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́!"

"Onírin kẹ̀!" Àgbà ìgbìmọ̀ kan tó ti ń tòògbé ló ta jí.

"Onírin, Bàbá! Pẹ̀lú iyanrìn!"

"Kí lẹ fẹ́ kí ààfin ṣe?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Kí ó dá dídán mọ́tò mi padà, kí ó sì gbàgbé ọmọ mi. Kò ní fẹ́ ẹ mọ́."

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, dìde lẹ́bàá fèrèsé. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Mo ti rán aṣọ ìyàwó mi. Apá rẹ̀ kan ló kù!"

"Jẹ́ kó kù," bàbá rẹ̀ dáhùn.

Baálẹ̀ kọjú sí Arọkòkò. "Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ba mọ́tò jẹ́."

"Kí wá ni èyí tí à ń wò yìí?"

"Iṣẹ́ ni. Kò tíì parí ni."

Ariwo sọ. Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé," ni Arọkòkò wí. "Tí ìkòkò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná, ara rẹ̀ máa ń rí págunpàgun. A ó fi iyanrìn àti omi ha á, á ṣú. A ó fi kànìnkànìn onírin ha á, á tún ṣú sí i. Ìgbà yẹn la ó tó fi eérú kíkúnná àti aṣọ nù ún, kí ẹ tó mọ̀, ẹ ó máa ka eyín yín nínú rẹ̀. Ibi ṣíṣú ni mo dé tí Bàbá fi wọlé. Mo ní, 'Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Bàbá, ẹ jẹ́ n lọ gbé eérú.' Ni wọ́n bá yọ bàtà, wọ́n fi lé mi dé òpópó."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹyẹ ló yàgbẹ́ sórí mọ́tò. Mo ní kí Bàbá tó dé, kí n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé àna mi fẹ́ràn ohun tó ń dán, èmi náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan dán."

"Mọ́tò mi ti ń dán tẹ́lẹ̀!"

"Ó ń dán lóòótọ́, Bàbá. Àmọ́ kò tíì dán tó ìkòkò."

Bàbá Dídán fọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Ó ń fi mọ́tò mi wé ìkòkò!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Bàbá Dídán ló bọ́ síwájú, ó ti ń rojọ́ kí wọ́n tó bi í.

"Ojú mi méjèèjì ló ṣe, Baálẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó da iyanrìn sí i, ó ń ha á wàràwàrà!"

"Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Orí oníbàárà wà lọ́wọ́ mi, mo ti fá a dé ìdajì. N kò tiẹ̀ gbójú sókè rárá."

"O ò gbójú sókè, o sì rí gbogbo ẹ̀?"

"Inú dígí ni mo ti rí i."

"Dígí ẹ kọjú sí ògiri," Bàbá Dídán sọ fún un.

"Ìgbà míì mo máa ń yí i."

Àgbà ìgbìmọ̀ tó ń tòògbé ẹ̀ẹ̀kan yìí dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀. "Èmi ni oníbàárà ọ̀hún. Ẹ wo ẹ̀yìn etí mi níbí."

A wò ó. Irun ibẹ̀ rí bí ọ̀nà tí ọ̀mùtí gbà délé.

"Ẹni tó fá eléyìí," ni àgbà náà wí, "títì ló ń wò."

"Ẹ̀rí rẹ dúró," Baálẹ̀ sọ fún Onígbàjámọ̀. "Lọ jókòó."

Ẹlẹ́rìí kejì ni Ọlọ́dà, ẹni tó ń kun mọ́tò. Kò yára. Ó yí mọ́tò náà po, ó ń mirí, ó ń pòṣé, ẹ ó rò pé òun ló ni ín. Nígbà tó yá, ó tutọ́ sí àtàńpàkò rẹ̀, ó fi ra ilẹ̀kùn. Ojú ibẹ̀ dúdú, ó dán gbinrin. Bàbá Dídán sáré bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rí ojú ara rẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà tí itọ́ náà gbẹ, ojú ọ̀hún lọ. N ò ní purọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Ọ̀dà wà láàyè," Ọlọ́dà kéde. "Awọ òkè nìkan ló họ."

"O sọ fún mi nílé pé ó ti kú!" Bàbá Dídán yarí. "O ní ká họ gbogbo ẹ̀ kúrò, ká kun òmíràn!"

"Nílé yín, Bàbá, iṣẹ́ ni mò ń wá. Níwájú Baálẹ̀, ẹ̀mí gígùn ni mò ń wá."

"Báwo la ṣe máa dá dídán rẹ̀ padà?" Baálẹ̀ bi í.

"Sánpépà tó kúnná jù lọ la ó rì sínú omi, ká fi rọra pa àpá ibi tó họ rẹ́. Ó máa kọ́kọ́ ṣú..."

"Ẹ gbọ́!" Arọkòkò fò sókè. "Ó máa kọ́kọ́ ṣú! Ẹ gbọ́ o!"

"Dákẹ́," ni Baálẹ̀ wí.

"...lẹ́yìn náà, pólíìṣì àti aṣọ rírọ̀. Abẹ́ ibòji la ti ń ṣe é, a ò gbọ́dọ̀ kánjú. Ó máa dán padà."

"Ṣé ọ̀nà tí ọmọ yìí gbà tọ́ nígbà yẹn?"

"Ọ̀nà tọ́, Baálẹ̀. Irin ni kò tọ́. Ìkòkò nípọn, ó lè fara dà á. Ọ̀dà mọ́tò ò nípọn tó èékánná."

Mo rò pé ẹjọ́ ti parí, mo ti ń kó àga jọ, àfi bí ìyàwó Bàbá Dídán ṣe dìde.

"Baálẹ̀, èmi ò fẹ́ kó dán o."

Mo gbé àga tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. Bàbá Dídán ò lè yí ọrùn.

"Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yín, Ìyá."

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi gba aṣọ ìbora mi. Láti Sátidé ni mo ti ń wá a." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. "Baálẹ̀, láti ọjọ́ tí mọ́tò yìí ti wọ ilé wa, òun ni ọkọ mi ń wò láràárọ̀. Mo dirun tuntun, kò rí i. Mo yọ eyín, kò rí i. Ẹyẹ yàgbẹ́ sí mọ́tò, ó rí i láti yàrá. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò ríran mọ́. Ó dúró síta, ó di fìlà mú, kò mọ ohun tó máa ṣe. Ló bá wọlé wá bá mi, ó ní, 'Ìyá, bá mi wò ó, ṣé ó dọ́gba?' Ó sì dúró níwájú mi bí mo ṣe ń tún un ṣe. Inú mi dùn, Baálẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò náà wà bẹ́ẹ̀."

Baálẹ̀ kọjú sí Bàbá Dídán.

"Ẹ má wẹ̀yìn o. Ìyàwó yín ní àmì dúdú kan lójú. Apá ibo ló wà?"

"Orí imú ni," Bàbá Dídán dáhùn kíá.

Ẹnu yà wá.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo tiẹ̀ bi í bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni."

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi ló ti wà níbẹ̀!" ìyàwó rẹ̀ fèsì.

Àgbà ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀, ẹ̀yìn etí rẹ̀ sì tún hàn sí gbogbo wa. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó tún ìjókòó ṣe, ó dájọ́.

"Onígbàjámọ̀, bá àgbà yìí fá orí rẹ̀ parí, kí o sì kọ ẹ̀yìn sí títì. Arọkòkò, ìwọ lo máa fi ọwọ́ ara ẹ dá dídán mọ́tò yìí padà, lójú Ọlọ́dà, pẹ̀lú nǹkan tó bá fún ẹ nìkan. Bí wọ́n bá tún rí irin lọ́wọ́ ẹ nítòsí mọ́tò, orí ẹ ni wọn yóò fi kànìnkànìn ọ̀hún fọ̀, wọn yóò sì fi eérú parí ẹ̀."

"Ìgbéyàwó wa ńkọ́, Baálẹ̀?" Aránṣọ ló bèèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán Sátidé ha nǹkan oníǹkan láti fi múnú àna rẹ̀ dùn, tí kò sì sẹ́ni tó rán an, ọkọ nìyẹn. Ó gọ̀ díẹ̀, àmọ́ ọkọ ni. Lọ rán apá aṣọ ẹ."

Bàbá Dídán fẹ́ sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ ò fún un láyè.

"Ilẹ̀kùn, òrùlé, ẹ̀yìn, kí gbogbo rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Baálẹ̀! Ibẹ̀ ni mo ti ń wo fìlà mi!"

"Mo gbọ́. Ọjọ́ tí ìyàwó yín bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún mi pé ó tó, ọjọ́ náà ni bọ́nẹ́ẹ̀tì máa dán."

"Kò ní yá o, Baálẹ̀," ìyàwó náà sọ, ó sì ká aṣọ ìbora rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé wọn kọjá. Arọkòkò ti wà lábẹ́ ibòji, ó ń fi aṣọ nu ilẹ̀kùn kan jẹ́jẹ́, Ọlọ́dà sì ń kígbe lé e lórí. Bàbá Dídán jáde, ó tẹríba síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì bó ṣe mọ́ ọn lára, kò rí nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá," ó pè, "jọ̀ọ́, wá bá mi wò ó."

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó fa fìlà náà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó fà á sósì, ó tún fà á sọ́tùn-ún.

"Ṣé ó ti dọ́gba?"

"Kò tíì dọ́gba," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Dúró dáadáa."

Mo wò ó láti ojú títì. Fìlà náà ti dọ́gba tipẹ́.