Àgbò Tí Láṣebìkan Sọ Ní Dúrójayé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí yóò jẹ ẹran kì í sọ ẹran lórúkọ? Ẹ̀ ń mi orí. Gbogbo yín lẹ mọ òwe náà, ẹ sì ń pa á bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí lojú Ìbídùnní rí kí òwe náà tó délẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa.

Ìbídùnní ni ìyàwó Láṣebìkan, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní ìlú Òkè-Ìrókò. Láṣebìkan tóbi. N kò sọ pé ó sanra díẹ̀ o. Àga tó kàn fún ara rẹ̀ nípọn débi pé ẹnì kan kò lè dá a gbé. Ẹran ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí ẹran inú ọbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, á wo àwo, á wo ojú ìyàwó rẹ̀, á béèrè bóyá àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀ kò fẹ́ mọ bí ẹran ṣe ń kú. Tí Jinádù alápatà bá ń dú màlúù, ẹ̀yìnkùlé ẹlẹ́yìnkùlé ni Láṣebìkan máa ń gbà kọjá kó má baà gbọ́ igbe.

Lọ́jọ́ kan ó lọ sílé ìwòsàn nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Nọ́ọ̀sì ní kó gun orí ìwọ̀n, ó wo ìwọ̀n, ó wo Láṣebìkan, ó ní, "Bàbá, ẹ dín ẹran kù." Ìbínú ló bá délé.

"Kì í ṣe ẹran ló ń mú mi sanra," ló wí fún Ìbídùnní. "Ẹran tí mi ò mọ ibi tó ti wá ni. Ta ló mọ ohun tí màlúù Jinádù jẹ? Ta ló mọ ọ̀nà tó rìn?"

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ pé ó lẹ́sẹ̀," ni Ìbídùnní fi dá a lóhùn.

Kò kà á sí. Ó búra pé òun kò ní jẹ ẹran ọjà mọ́, àfi èyí tí òun bá fọwọ́ ara òun bọ́. Ó ṣe tán, Bàbá Adégbìtẹ́, tó bí Ìbídùnní, ń bọ̀ wá ṣàdúrà sí ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, lẹ́yìn ìkórè. Àgbò ilé ni wọn yóò fi ṣe àna lálejò.

Ó ra àgbò. Ẹran náà rù hangogo. Nígbà tó délé, kò jẹ, kò mu, ó kàn na ẹsẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ ayé. Láṣebìkan kúnlẹ̀ tì í, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ń fi èèpo iṣu sí i lẹ́nu, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àbíkú. "Jọ̀ọ́, má lọ. Dúró, kí o jayé." Bóyá ẹ̀bẹ̀ ló wọ̀ ọ́ létí, bóyá ebi ni, àgbò la ẹnu, ó jẹ èèpo. Láti ọjọ́ náà, Dúrójayé ló ń pè é.

"Bàbá Dérera," ni Ìbídùnní wí, nítorí Dérera ni orúkọ àkọ́bí wọn, "ẹran tí a fẹ́ pa lẹ ń pè ní Dúrójayé?"

"Orúkọ lásán ni."

"Orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ pè é ní Ọbẹ̀."

"Kò ní dáa lójú ẹ̀," ni Láṣebìkan fèsì.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Bí àgbò ṣe ń sanra ni Láṣebìkan ń rù. Kò jẹ ẹran mọ́, iṣu tó sì yẹ kó jẹ, ìdajì rẹ̀ ni Dúrójayé ń jẹ. Ó fi okùn so ṣòkòtò mọ́dìí. Ó ń wẹ ẹran náà, ó ń mú un rìn kiri àdúgbò, títí àwọn aládùúgbò fi ń kí i pé, "Dúrójayé ńkọ́?" kí wọ́n tó béèrè ìyàwó. Nígbà tí àgbò jẹ ẹ̀lùbọ́ tí Ìbídùnní sá sóòrùn, tí ìyẹn mú igi, ọkọ rẹ̀ dúró sáàárín. "Má nà án. Kò mọ̀ pé tìẹ ni."

"Ta ló rò pé ó ni ín?" ni Ìbídùnní bi í. Ó ju igi nù.

Ọjọ́ àlejò pé. Jinádù mú ọ̀bẹ dé láàárọ̀, ó béèrè ẹran. Láṣebìkan pe, "Dúrójayé." Àgbò sáré wá, ó gbé orí lé e nítan.

Jinádù fi ọ̀bẹ pa mọ́ sẹ́yìn. "Kí lẹ pè é?"

"Dúrójayé."

"Ẹ ní kó dúró kó jayé, ẹ wá ránṣẹ́ pè mí. Láti ìgbà tí mo ti ń dú ẹran, orúkọ Ọlọ́run nìkan ni mo máa ń pè. N kò pe orúkọ ẹran rí."

Ìbídùnní bẹ̀ ẹ́ pé ata ti wà lórí iná, pé bàbá òun ti wà lọ́nà. Jinádù mí kanlẹ̀, ó ní kí Láṣebìkan wọlé kí ó ti ilẹ̀kùn. Ó so àgbò mọ́ ẹ̀yìn ilé, ó wá síwájú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò kékeré tí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn sí.

Ẹnu ìyẹn ni Bàbá Adégbìtẹ́ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin bá a. Kí wọ́n tó kí ara wọn, ohùn Láṣebìkan ń ti inú yàrá bọ̀, pẹ̀lú ẹkún: "Dúrójayé, ọmọ mi, má bínú sí mi. Èmi ni mo ní kí o dúró."

Bàbá wo kòtò. Ó kéré, kò ju ti ìkókó lọ. Ó wo Jinádù, tó dorí kodò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n bímọ, wọn ò sọ fún mi. Ó tún ti lọ."

Àwọn obìnrin figbe ta. Àdúgbò sáré dé. Jinádù la ẹnu láti ṣàlàyé, ẹkún bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Dúrójayé tí mo kí láàárọ̀ yìí." Bí bàbá ṣe gbọ́ ìyẹn, iyèméjì tán nínú rẹ̀.

Ìbídùnní jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ dì mọ́ ọn. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò Dúrójayé."

"Ṣé ó ti kú?" ni Ìbídùnní béèrè. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ sọ fún Jinádù kó gé e wẹ́wẹ́, ata ti hó."

Bàbá fi í sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Gbogbo ẹkún dá wáí. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni àgbò já okùn, tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ, nítorí ó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀. Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Ó kọjá láàárín àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fi ìwo kan ilẹ̀kùn.

Jinádù bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpò.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ìbídùnní bi í.

"Ìyá Dérera, gbogbo àdúgbò ti sunkún ẹ̀. Ṣé kí n wá pa á lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ó padà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó gé ẹran màlúù wá. Ìgbà tí ọbẹ̀ fi délẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n, ebi sì ti lé ìtìjú lọ. Láṣebìkan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àna rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín nínú agbádá. Bàbá mú ẹran tó tóbi jù, ó gbé e sínú àwo ọkọ ọmọ rẹ̀. Láṣebìkan kò béèrè ohun tí màlúù náà jẹ, kò béèrè ọ̀nà tó rìn. Ó ti jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó kù tó bu òkèlè.

Bàbá Adégbìtẹ́ fọ ọwọ́. Ojú rẹ̀ ṣì wú fún ẹkún. "Láṣebìkan," ó ní, "mo ti dàgbà. Mo ti ṣọ̀fọ̀ bàbá, mo ti ṣọ̀fọ̀ ìyá. Lónìí ni mo kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ ẹran tó ń wò mí. Jọ̀ọ́, ẹni tí yóò jẹ ẹran kì í sọ ẹran lórúkọ."

Ọ̀rọ̀ náà ló tàn kálẹ̀. Ní ti Dúrójayé, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó dúró, ó jayé, ó darúgbó nínú ilé yẹn, nígbà tó sì kú fúnra rẹ̀, àwọn aládùúgbò wá kí Ìbídùnní kú ọ̀fọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti dá wọn padà.