Agbọ̀n Ẹja Tíṣà Ajíbógun

Mo fi ewú orí mi búra, ìtàn yìí kò ní gùn. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà dákẹ́.

Ọmọbìnrin ará Ṣáínà kan, Ruolan, ń sin ẹja epìyà nínú adágún kan lẹ́yìn ilé wa. Gbogbo ohun tó ní láyé ló wà nínú adágún yẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn ẹja náà dákẹ́. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀: ‘charge’. Ruolan kò mọ̀ ọ́n. Ló bá sáré ké sí Tíṣà Ajíbógun, tó ń kọ́ ọ lédè Òyìnbó.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni èyí ń sọ? Bí ẹ bá bá mi gba ẹja wọ̀nyí là, agbọ̀n ẹja kan jẹ́ tiyín.”

Tíṣà gbé agbọ̀n òfìfo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó jókòó. “Ìbéèrè ńlá! Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀ púpọ̀. Àkọ́kọ́, iye tí ọlọ́jà bá ní kí o san.”

Ẹja ti ń léfòó, wọ́n ń yanu. Ruolan nawọ́ sókè. Ẹ̀kọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ kọ́ ọ ni pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Nílé wọn ní Ṣáínà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í gé ọ̀rọ̀ mọ́ olùkọ́ lẹ́nu.

“Sọ ọwọ́ kalẹ̀, ọmọ mi. Ìkejì, ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá fi kan ènìyàn.” Ó ní kí Ruolan dúró bí ọ̀daràn. Ó dá a lẹ́jọ́, ó sì dá a sílẹ̀. “Ìkẹta, kí màlúù sáré kọluni.” Ó fi ìka ṣe ìwo, ó sáré yí adágún ká. Ẹja kan ti dojú ikùn sókè.

Ìyá Sàlámọ̀, aládùúgbò tó ní adágún tirẹ̀, yọjú lórí ògiri. “Tíṣà! Ẹja ń kú o!”

“Ẹ má dí mi lọ́wọ́, Màmá. Èyí tó gbẹ̀yìn ló dùn jù.” Ó dijú, bó ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lára.

Bó ti dijú báyìí, Ìyá Sàlámọ̀ na garawa kọjá ògiri. Ruolan kò já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ó ṣáà ń gbọ́n ẹja, Ìyá Sàlámọ̀ ń gbà á, ó ń dà á sínú adágún tirẹ̀.

“…ìyẹn ni pé kí o fi iná mànàmáná sínú ẹ̀rọ!” Tíṣà lajú. Adágún ti dá páro. Ó bojú wo agbọ̀n. Ó tún un wò.

“Ruolan! Kí lo kó sínú agbọ̀n mi?”

Ruolan kúnlẹ̀. “Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, sà.”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ̀sọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tilẹ̀ dé ìdajì.

Ọjọ́ náà ni àwọn àgbà, ìyẹn èmi àti Ìyá Sàlámọ̀, fẹnu kò pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, kó mọ láàárín wa. Bí Tíṣà bá gbọ́, yóò wá ṣàlàyé.