Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Lójú Ọ̀sà

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní fásitì, mi ò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ kí àwọn olùkọ́ mi lórí omi. Àrùn kòrónà ló fà á. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, mo padà sílé ní Òde-Omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé orí fóònù la ó ti gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá wa. Ẹni tí kò bá yọjú, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí nílé wa. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò màmá mi tí wọ́n ń pẹja, ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wọlé dáadáa láàárín ọ̀sà, ni wọ́n bá fi ọkọ̀ wọn gbé mi lọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo so táì, ṣòkòtò péńpé ló wà nísàlẹ̀. Ta ni yóò rí ìsàlẹ̀?

Ó wọlé lóòótọ́. Mo gbé fóònù ti etí ọkọ̀, ojú olùkọ́ mẹ́rin yọ. Bí ọ̀gá ẹ̀ka wa ṣe ní, "Káàárọ̀ o," ẹ̀kọ́ ilé gbé mi dìde, mo nà gbalaja. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Fóònù ṣáájú, èmi náà tẹ̀ lé e.

"Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún láàárín omi?" Bọ̀dá Káyọ̀dé ń pariwo bí wọ́n ṣe ń fi táì fà mí padà sínú ọkọ̀. Mo bú sẹ́kún. Ọdún mẹ́rin mi ti bá fóònù lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà.

Wọ́n na fóònù kékeré wọn sí mi. Nọ́ńbà olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi nìkan ni mo mọ̀ sórí, torí mo ti fi ìpè yọ wọ́n lẹ́nu jù. Mo pè wọ́n. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"O ò kú? Gbogbo wa ti dìde lórí àga! Ọ̀gá ní ọmọ tó kí àwọn títí tó fi ṣubú sómi, àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ó yá, máa sọ̀rọ̀, mo ti gbé fóònù mi sétí kọ̀ǹpútà."

Mo gbèjà iṣẹ́ mi pẹ̀lú omi tó ń ro lára mi, eyín mi ń lu ara wọn. Nígbà tí wọ́n ní mo yege, Bọ̀dá Káyọ̀dé já fóònù gbà: "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀gá! Ọlọ́run á dá yín sí fún àwọn ọmọ yín!"

Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ mi dòní. Wọ́n lè ní òfin ni òfin, àmọ́ wọ́n dúró gbọ́ mi. Mo kọ́gbọ́n pé nínú ọkọ̀, ẹnu nìkan ti tó láti fi kí àgbà. Mo délé, kí n tó la ẹnu ròyìn, màmá mi ti bi mí pé:

"Ṣé o kí wọn dáadáa ṣá?"

Mo kàn rẹ́rìn-ín.