Ọ̀bọ Tó Fa Káńsílọ̀ Ya

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Ìbídàpọ̀ ní Bàrígà lánàá, ẹjọ́ ọ̀bọ sì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹta rèé tí àwọn sójà ti kó ẹrù wọn padà sí bárékè, tí wọ́n ní kálukú ti ní ẹ̀tọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tí àwọn ará àdúgbò wa, Ladi-Lak, kọ́kọ́ rí sọ nìyẹn.

Àlájì Ràsákì ló pẹjọ́. Láńdílọ́ọ̀dù ni, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní àdúgbò, ẹni tí kì í jáde láìdé fìlà. Ayálégbé rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Modinat ló pè lẹ́jọ́, obìnrin tó ń ká ìwé tó sì ń rán an pọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Modinat kúnlẹ̀ sórí ẹní, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára kéèjì onírin tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Sájẹ́ńtì, ọ̀bọ Àlájì, jókòó sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Àlájì ti bá ọkùnrin kan tó ń se pẹ́pẹ́súùpù ní Fola Agoro sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fi í sí ọjọ́ Jímọ̀. Bí Baálẹ̀ bá dá Modinat lẹ́bi, ìkòkò ló kù fún Sájẹ́ńtì. Àlájì fúnra rẹ̀ kì í jẹ ọ̀bọ o, ó ní ẹ̀sìn òun kò gbà á. Ẹ̀sìn náà kàn gbàgbé láti ní kó má tà á fún ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni.

Baálẹ̀ ní kí ẹni tó pẹjọ́ rò ó.

“Baba, obìnrin yìí ti ba ọ̀bọ mi jẹ́.”

“Kí ló fi bà á jẹ́?”

“Ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n.”

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ọ̀tún, tó ti ń tòògbé láti ìgbà tí wọ́n ti kí ara wọn tán, lajú.

Àlájì tú ẹjọ́ náà palẹ̀. Ó ní ọdún méje rèé tí òun ti ra Sájẹ́ńtì, ẹranko jẹ́jẹ́ tí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ ni í kọjú sí ògiri tí kì í wí nǹkan kan. Bí àlejò bá dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í jó fún wọn, á fì sí ọ̀tún, á fì sí òsì, àwọn àlejò á sì máa pàtẹ́wọ́. Kéèjì tó ń gbé kò ní àbùkù, irin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni Moshood, jórinjórin àdúgbò, fi ṣe é. Ó ní ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, àfi ìgbà tí Modinat yọ ọwọ́ kan lójú fèrèsé.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?” Baálẹ̀ bi í.

“Káńsílọ̀ ló wá sílé mi, Baba.”

Káńsílọ̀ tó ń wí ni Adéjìmí, ẹni tí ẹgbẹ́ wọn fà kalẹ̀ tí àdúgbò sì dìbò fún. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì gbé àga fún un síwájú ilé Àlájì. Bó ṣe la ẹnu pé òun kò ní gbàgbé mẹ̀kúnnù, bẹ́ẹ̀ ni Sájẹ́ńtì mú bébà kan tí wọ́n ká pọ̀ jáde láti ìdí rẹ̀, ó sì ń tú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Pósítà ìdìbò Adéjìmí ni, tòun ti fìlà tòun ti eyín. Ọ̀bọ yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá fà á ya láti ibi imú, ó yọ ẹ̀pà níbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sì ju imú Káńsílọ̀ sí gọ́tà.

“Ṣé ẹyọ kan ló fà ya?”

“Mẹ́sàn-án ni, Baba. Níwájú ẹni tó ni ojú.”

Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi agbádá bo ojú títí ó fi tán.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Baálẹ̀ yíjú sí Modinat, ó ní ṣé òótọ́ ni Àlájì sọ.

“Òótọ́ ni, Baba. Èmi ni mo di ẹ̀pà sínú ẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Mo bá a wáṣẹ́ ni.”

Ìjòyè kan ní àwọn ọmọ òun mẹ́ta tó jáde yunifásítì kò tíì ríṣẹ́, ó wá ku ti ọ̀bọ. Modinat ṣàlàyé pé ibi tí òun máa ń jókòó sí ká ìwé nílé, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ kéèjì náà. Òun rí i tí Sájẹ́ńtì fọwọ́ ara rẹ̀ tu irun apá òsì títí apá náà fi pá. Òun sọ fún Àlájì, Àlájì ní ooru ló ń mú un, ó ń gẹrun ni.

“Ijó tí wọ́n ń wí yẹn, Baba, kì í ṣe ijó,” Modinat ní. “Bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò gbé ṣe máa ń mi ara ẹ̀ ló ń mì. Kò sóhun tó lè ṣe níbẹ̀. Kò lè na apá méjèèjì. Wọ́n ń fún un lóúnjẹ lóòótọ́, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń jẹ ẹ́ tán, ọjọ́ á wá gùn sílẹ̀ fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Ó ní òun wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀pà sínú ìgékù bébà láti ibi iṣẹ́. Nígbà tí Sájẹ́ńtì mọ ìdì kan tú, òun á dì í ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó mọ ìyẹn náà, òun á fi òwú tí wọ́n fi ń rán ìwé dè é. Òun so okùn mọ́ òkè kéèjì kó lè rí nǹkan gùn. Ní báyìí wákàtí kan gbáko ló máa ń lò lórí ìdì kan ṣoṣo, irun apá rẹ̀ sì ti hù padà.

“Bébà pọ̀ nílùú,” Ọ̀tún ní. “Ṣé ojú Káńsílọ̀ nìkan lo rí?”

“Baba, ẹ̀rọ ló ṣì í tẹ̀. Káńsílọ̀ ní ẹnu méjì nínú gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá wa ní ká dà á nù. Bébà ẹ̀ nípọn, ó sì máa ń dún kàràkàrà, Sájẹ́ńtì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Mo sì rò pé ìbò ti parí, mi ò mọ̀ pé pósítà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Moshood jórinjórin ló kọ́kọ́ jáde, ó jẹ́rìí fún Àlájì. Ó búra pé ẹgbẹ́ Àlájì nìkan ni ọ̀bọ náà ń fà ya, kì í fọwọ́ kan ti ẹgbẹ́ yòókù.

“Ó mọ̀wé kà ni?”

“Ó máa ń wo fọ́tò, Baba.”

Baálẹ̀ bi í bóyá kéèjì tó ṣe yẹn tóbi tó fún ọ̀bọ láti gbé. Moshood ní ó tó o dáadáa, òun wọn ọ̀bọ náà lórí ìjókòó, òun sì fi ìka méjì kún un láti fi ṣàánú. Ó ní kódà ọ̀bọ náà ń dunnú, ó jó níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ òun.

Ìyá Shakirat, ayálégbé tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu géètì ilé náà, ní irọ́ gbuu ni. Ó ní Sájẹ́ńtì kì í ṣojúsàájú, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fà ya, ó sì tún ti fa kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì òun ya, òun sì ti dárí jì í. Ó wá kọjú sí Moshood. Ó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó ń wí yẹn, òjò lé gbogbo àlejò wọlé, ẹnikẹ́ni kò lu nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò sì kọrin.

“Ọ̀bọ ṣì ń fì nínú òjò,” ó ní. “Ṣé ijó nìyẹn?”

Moshood ní òun kò rántí òjò kankan. Nígbà tó yá, ó ní òjò náà kò pọ̀.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú pósítà kan wá kí òun fojú ara òun rí i. Ìyẹn kò ṣòro, nítorí Àlájì ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú pósítà ẹlẹ́nu méjì náà lọ́wọ́ Modinat, ó sì kó gbogbo rẹ̀ wá bí ẹ̀rí. Modinat di ẹ̀pà mẹ́rin sínú ẹyọ kan, ó fi òwú dè é. Ó nawọ́ ìdì náà sínú kéèjì.

Sájẹ́ńtì kò gbà á. Ó wo fìlà, ó wo ojú gbogbo àwọn àlejò wọ̀nyí, ó kọjú sí ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì.

“Ẹ rí i,” Àlájì ní, “ó ń jó fún yín.”

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ẹranko yìí kò sì lẹ́nu tí yóò fi ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Modinat rọra sún mọ́ irin náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń jí ọmọ: “Sájẹ́ńtì. Iṣẹ́ ti dé o.”

Fífì náà dínkù. Ó dúró. Ọwọ́ dúdú kékeré kan na jáde, ó gba ìdì náà. Ó gbọ̀n ọ́n létí, ó wá ibi tí òwú ti ta kókó, ó fi eyín ṣí i, ó yí i padà. Ọ̀tún ti dìde lórí àga láìmọ̀, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Apá òsì, apá òsì.” Àwọn ìjòyè yòókù ti na ọrùn. Òwú kan ṣoṣo ló kù tó há.

“Fà á láti ìsàlẹ̀,” Àlájì Ràsákì ní, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Sájẹ́ńtì fà á láti ìsàlẹ̀, Káńsílọ̀ ya sí méjì, ẹ̀pà sì jáde.

Baálẹ̀ bi Àlájì pé ta ló dìbò fún.

“Adéjìmí ni, Baba.”

“Èmi náà. Ọ̀tún náà. Gọ́tà tó ní òun máa gbẹ́ fún wa ńkọ́?”

“Wọ́n ní ó ṣì wà lórí tábìlì, Baba.”

“Omi ẹ̀rọ ńkọ́?”

Àlájì tún fìlà orí rẹ̀ ṣe.

“Ràsákì, gbogbo wa la tú pósítà ọkùnrin yìí wò,” Baálẹ̀ ní. “Ọ̀bọ yìí nìkan ló bá ẹ̀pà níbẹ̀. O wá fẹ́ ká pa á?”

Ó wá dájọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi Sájẹ́ńtì sínú ìkòkò, òun ni yóò wọ kéèjì náà dípò rẹ̀. Kí Moshood kan kéèjì tuntun, kó má wọn ọ̀bọ mọ́, kó wọn pálọ̀ Àlájì. Kí wọ́n gbé ẹ̀ka igi sínú rẹ̀. Àlájì kò níṣẹ́ láàárọ̀ ju kó jókòó síwájú ilé lọ, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa di ìdì ẹ̀pà mẹ́wàá lójoojúmọ́. Kí tòní má bàa dà bíi tàná, kí Modinat máa yẹ ẹ́ wò, èyí tí kò bá dára kí Àlájì tú u kó tún un dì.

Modinat dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé obìnrin ni òun, ó sì ń sunkún. Àlájì ṣí fìlà, ó wo òkìtì pósítà náà, ó ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn.

“Baba, bí pósítà yìí bá tán ńkọ́?”

“Kò lè tán, Ràsákì,” Baálẹ̀ ní. “Ìbò mìíràn ń bọ̀.”