Obadiah Gbin Pẹ̀rẹ̀gùn sí Etí Òkun

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ yéé fẹsẹ̀ ta ara yín. Ìjàpá ń sinmi lónìí. Èèyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ààlọ́ mi já lé lórí: Obadiah ará Àpòmù, A-jí-wo-dígí, A-rìn-bí-ẹni-tó-lóyún-owó, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Fìlà rẹ̀ ga ju òrùlé ìyá rẹ̀ lọ. Bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wò yíká bóyá èèyàn wà níbẹ̀ tí yóò kí i.

Títílọlá ọmọ Gbádégẹṣin, ní Ìkirè, ló fẹ́ fi ṣaya. Títílọlá ò tíì sọ pé òun fẹ́, kò sì tíì sọ pé òun ò fẹ́. Baba rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Obadiah, ẹnu rẹ fẹ̀. Ilẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ kẹ̀, Bàbá? Ilẹ̀ mi pọ̀ débi pé ó dé etí òkun!"

"Ó dáa. Etí òkun náà la ó ti wò ó. Tí mo bá fojú mi rí i, o gbé ìyàwó. Tí n kò bá rí i, má tún gba iwájú ilé mi kọjá."

Há! Obadiah ò ní ilẹ̀ tí adìẹ lè fẹsẹ̀ ha. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í wá ọ̀nà tì. Bí ò bá rí títì, á gba inú igbó. Ó ti gbọ́ pé ìyanrìn etí òkun lọ súà, kò sẹ́ni tó kọ́lé sí i. Ló bá kó pẹ̀rẹ̀gùn tí a fi ń pààlà oko sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó gbé àga kan lé e, ó ní kí Gbádégẹṣin àti ọmọ rẹ̀ máa tọ ipa òun bọ̀, ó ṣíwájú wọn. Ó gba Èkó, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé abúlé apẹja kan ní kùtùkùtù.

Yéè, ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ dùn! Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn ọkùnrin jókòó lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń tún àwọ̀n tó ya ṣe, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ìyá Àlàbá tó ń yan ẹja ń kọrin sínú èéfín. Ìyanrìn sì rèé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ́ bí àwo, kò sí ahéré, kò sí koríko.

"Òmùgọ̀ làwọn ará ibí," ni Obadiah wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbin pẹ̀rẹ̀gùn.

Ìyá Àlàbá pè é: "Bàbá àlejò, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o. Òkun ló ni ín. Tó bá dọ̀sán, omi á kún."

"Ìyá, onígbàgbọ́ ni mí, ẹ má fòrìṣà dẹ́rù bà mí. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà! Òjò ò rọ̀, omi á wá kún? Odò wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa?"

Ìyá Àlàbá yíjú sáwọn apẹja. "Ẹ gbọ́ o, ó pè é ní odò."

Nígbà tí oòrùn gòkè, Gbádégẹṣin àti Títílọlá dé. Obadiah ti gúnwà sórí àga láàárín ìyanrìn, agbádá rẹ̀ bo àga mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sórí ilẹ̀ mi! Láti pẹ̀rẹ̀gùn yìí dé ti ọ̀hún yẹn, tèmi ni."

"Omi yẹn ńkọ́?"

"Omi lásán ni, Bàbá. Tí ilẹ̀ bá há mọ́ wa, màá ní kó sún."

Orí Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí mì, ó jọ pé yóò gbà. Ìyá Àlàbá ní kí wọ́n wá jẹun lábẹ́ ibòji. Baba àtọmọ lọ, wọ́n jẹ ẹja gbígbóná, wọ́n mu omi àgbọn, wọ́n na ẹsẹ̀. Obadiah kọ̀. Ó ní onílẹ̀ kì í fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Omi kọ́kọ́ lá a ní bàtà. Ó ká ẹsẹ̀ sókè. Omi dé ìjókòó àga. Ó gun àga, ó dúró.

"Sún!" ló kígbe mọ́ òkun. "Mo ní o sún! O ò mọ̀ mí ni? Èmi Obadiah!"

Òkun kì í ṣe ará Àpòmù. Kò mọ̀ ọ́n. Ó fa pẹ̀rẹ̀gùn tu, ó gba fìlà lórí rẹ̀, ó fẹ́ agbádá bí àkàrà inú epo. Àga léfòó.

"Ẹ gbà mí o! Olè! Wọ́n ń gbé ilẹ̀ mi lọ!"

Àwọn apẹja da àwọ̀n bò ó. Gbogbo abúlé di okùn mú, Gbádégẹṣin bá wọn fà, Títílọlá náà bá wọn fà. Wọ́n wọ́ ọ gòkè, òun àti akàn, ó ń lanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó.

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fa okùn ní ìpín nínú ohun tí àwọ̀n bá kó; ẹja tó bá ṣì kéré, wọ́n á dá a padà sómi kó lọ dàgbà. Ìyá Àlàbá mú ọ̀bẹ, ó gbé igbá.

"Ó yá, ta ni ká bù fún?"

"Ẹ má bù fún mi o," apẹja kan dáhùn. "Ẹnu nìkan ló wà lára rẹ̀. Ta ní í fi ẹnu se ọbẹ̀?"

Ìyá Àlàbá yíjú sí Títílọlá. "Ọmọ mi, ìwọ náà fa okùn. Ṣé ká gbé odidi fún ọ ni?"

Obadiah gbójú sókè nínú àwọ̀n. Gbádégẹṣin wo ọmọ rẹ̀.

Títílọlá kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ bá mi dá a padà sómi. Ó ṣì kéré."

Ó tán. Kí lẹ tún ń wò mí fún? Ẹ dìde, ẹ tò sórí ẹní. Ẹni tí mo bá tún gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, òun ni yóò pọn omi àárọ̀ ọ̀la.