Àṣẹ Kábíyèsí Lórí Ẹni Tó Bá Tún Bi Àjàgbé Ní Iye Góòlù

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Apá, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń sùn, kó jí. Ẹni tó ń jẹun, kó gbé e mì. Ẹni tó wà nílé ìwẹ̀, kó fi ọṣẹ sílẹ̀, kó tẹ́tí! Kábíyèsí ló rán akéde. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akéde. Akéde kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àjàgbé Ògúnrónbí ni, tí ilé ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé! Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gbá rọ́gíbì líìgì nílùú òyìnbó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́ni mẹ́tàlá tí wọ́n ń gbé sáyà sáré. Bọ́ọ̀lù náà gùn bí ìbẹ́pẹ. Iwájú ni Àjàgbé ń wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé bọ́ọ̀lù kọlu àwọn òmìrán, kí wọ́n wó o lulẹ̀, kó dìde, kó tún lọ. Bí òmìrán bá sì gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, òun náà á wó o lulẹ̀. Wọ́n wó o lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Wọ́n wó o nígbà ogún, ó dìde! Bí ọ̀nà bá ti wá là, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín kan á gba bọ́ọ̀lù, á sáré gba ibẹ̀ wọlé, òun ni gbogbo ayé á sì máa pàtẹ́wọ́ fún. Imú Àjàgbé ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Etí rẹ̀ wú bí àkàrà. Ó fẹ̀yìn tì, ó ní kí òun wá sinmi lọ́dọ̀ ìyá òun.

Sinmi kẹ̀! Ní Ìdí-Apá yìí? Ọjọ́ tó dé gan-an lẹ bi í pé góòlù mélòó ló gbá wọlé. Ó ní ẹyọ kan, rẹ́fírì sì fagi lé e. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ fi jókòó sílẹ̀! Ẹ sọ ọ́ ní Ọdún-Mẹ́rìnlá-Òfo. Télọ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Àjàgbé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó di ẹrù. Ó ní mọ́tò ọjọ́ Sátidé lòun máa bá lọ, òun kò sì ní padà wá mọ́. Ìyá rẹ̀ tó ti ń retí rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá jókòó ti báàgì náà, wọn kò jẹ, wọn kò mu. Ojú ti Kábíyèsí. Ó yẹ kó ti ẹ̀yin náà!

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Èkíní. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi í ní iye góòlù mọ́. Kò sí! Wòlíì tó bá rí i lójú ìran, kó pa ìran náà mọ́ra.

Èkejì. Orúkọ ìnagijẹ yẹn ti kú. Wọ́n ti sin ín.

Ẹ̀kẹta. Ẹ má gbé ohun roboto sáyà sáré kọjá níwájú ilé rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ bi tíṣà ìṣirò tó ń sá fún òjò tòun ti elégédé, tó bá ara rẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ Àjàgbé.

Ẹ̀kẹrin, ìjìyà! Ẹni tó bá rú òfin, á gbé ìbẹ́pẹ pípọ́n sáyà, á sáré lọ bá Àjàgbé ní pápá, kí Àjàgbé wó o lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Kábíyèsí kò fẹ́ kí ìlú tú.

Akéde ló kọ́kọ́ jẹ ìyà náà, láàárọ̀ yìí, torí akéde ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo akéde bẹ́ẹ̀. Kábíyèsí ní kí Àjàgbé ṣílẹ̀kùn, kó jáde sí pápá. Akéde gbé ìbẹ́pẹ. Akéde sáré. Akéde rí ìràwọ̀ lójú ọ̀sán! Nígbà tí akéde máa lajú, Àjàgbé ti fà á dìde, ó ń gbọn eruku lára rẹ̀. Ó wo ìbẹ́pẹ tó kún irùngbọ̀n akéde, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi! Ó tún kọ́ akéde bí wọ́n ṣe ń rẹ èjìká sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì jẹ ẹ̀kọ odindi méjì.

Ìdí nìyí tí Kábíyèsí fi fi ẹ̀karùn-ún kún un. Lọ́jọ́ Sátidé, kí mọ́tò tó dé, gbogbo ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kó gbé ìbẹ́pẹ rẹ̀, kó wá tò sí pápá. Gbogbo yín lẹ rẹ́rìn-ín! Ìlà náà gbọ́dọ̀ gùn. Ó gbọ́dọ̀ gùn débi pé mọ́tò á dúró, á fọn fèrè, á sú u, á sì lọ láìgbé e.

Kábíyèsí ti já ìbẹ́pẹ tiwọn. Wọ́n ní àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Ọba ló ni ọ̀rọ̀ o! Akéde ló ni ohùn o! Akéde nìkan ló sì ni ìhà tó ń dùn ún, títí di Sátidé!