Àṣẹ Karùn-ún Lórí Omi Odò Òwèrè

Kóó! Kóó! Kóó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ayégbàmí, ọmọdé àti àgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè sílẹ̀. Ẹni tó ń sùn, kí ìyàwó rẹ̀ jí i. Ẹni tó ń bá ìyàwó jà, kó fi ìyókù pamọ́ di ìrọ̀lẹ́. Òjéwùmí akéde ló dé, ọmọ Òjélékè akéde, ọmọ-ọmọ Òjéyẹmí akéde, ìran tí ohùn wọn ń dé oko. Iṣẹ́ Ọba ló wá jẹ́. Ọ̀rọ̀ Ọba ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ akéde!

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkòkò ńlá kan bẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ní ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti kọ́ ilé iṣẹ́ náà lé wa lórí. Ọdún mọ́kànlá! Gílóòbù kan ṣoṣo kò tíì tipasẹ̀ rẹ̀ tàn ní Ayégbàmí. Iná ibẹ̀ kò mọ ọ̀nà ilé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkòkò bẹ́, ohun tó jáde nínú rẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Àwọn tó kàwé ní ìtànṣán olóró ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í kan ilẹ̀kùn. Ó ń wọ ara, ó ń wọ ilẹ̀, ó ń wọ ohun tí à ń jẹ.

Ọ̀gá kan ti wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ó ní kò séwu. Inú mọ́tò ló ti sọ ọ́, ó ti gíláàsì pa, ó wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n bu omi fún un lẹ́nu géètì ààfin, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Nígbà tó dé ìdí afárá, ó gbé omi inú ike tirẹ̀ sẹ́nu, ó mu ún tán. Akéde rí i.

Nítorí náà ni Kábíyèsí àti Ìgbìmọ̀ Ìtura Ìlú, tí Olóyè Lágbókùn jẹ́ alága rẹ̀, ṣe jókòó láti àárọ̀ àná títí di ọ̀sán. Wọ́n jẹ iyán. Wọ́n pa àṣẹ márùn-ún. Ẹ sì mọ òfin agogo: àṣẹ tí akéde bá kà, tó sì lu agogo lé, ó di òfin. Èyí tí kò bá lu agogo lé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ẹ la etí yín!

Àṣẹ kìn-ín-ní! Bí ilẹ̀ bá gbóná, a kì í dárúkọ ohun tó mú un gbóná. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ohun náà ní ìtànṣán mọ́. Akéde ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Àlejò Ọba ni orúkọ rẹ̀. Àlejò Ọba! Ẹni tó bá ṣèèṣì pe orúkọ àtijọ́, yóò gbá ìlú yìí láti Òkè Àgbẹ̀dẹ dé etídò, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo ni wọn yóò sì fún un. Kóó!

Àṣẹ kejì! Àlejò Ọba kò gbọdọ̀ wọ ìlú láìdúró ní bodè, kó bọ́ bàtà, kó kí Kábíyèsí. Ọdẹ mẹ́ta ti wà níbẹ̀, wọ́n kọjú ìbọn sí afẹ́fẹ́. Nítorí pé àlejò náà kò ṣeé rí, gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá ti orí òkè wá ni kí ẹ dá padà. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú abẹ̀bẹ̀ méjì jáde, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ lọ sọ́nà Ìdí-Ayin. Ọgbọ́n Olóyè Lágbókùn ni. Ọgbọ́n náà jinlẹ̀. Kìkì pé àwọn ará Ìdí-Ayin ti ń fẹ́ ẹ sọ́dọ̀ wa láti ìjẹta, abẹ̀bẹ̀ tiwọn sì tóbi. Ẹni tó bá ní apá ń ro òun, wọn yóò fi abẹ̀bẹ̀ kẹta lé e lọ́wọ́. Kóó!

Àṣẹ kẹta! Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ, ẹ so wọ́n mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá jẹ koríko orí òkè, kí ẹni tó ni ín mú un wá sí ààfin, kí ewúrẹ́ náà wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Adìyẹ tó bá yé ẹyin tó ń tàn, ẹ má sè é, ẹ má dín in. Ẹ gbé ẹyin náà tọ Kábíyèsí lọ. Ó pẹ́ tí Kábíyèsí ti ń wá ohun tí yóò máa fi kàwé. Ẹni tó bá fi irú ẹyin bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá tirẹ̀, yóò di àtùpà ààfin mú fún oṣù mẹ́ta, lórí ìdúró. Kóó!

Àṣẹ kẹrin! Wọ́n ti fòfin de ìbẹ̀rù. Ẹ má bẹ̀rù! Ẹni tó bá bẹ̀rù, yóò rí ohun tó ń bà á lẹ́rù! Ẹni tí èébì bá ń gbé, kó ní ẹ̀wà ló ṣe òun. Ẹni tí irun bá ń re lórí rẹ̀, kó yára dé fìlà, kó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí ni. Ẹni tí ara bá ń yún, kó rọra họ ọ́ lẹ́yìnkùlé, kí ará Ìdí-Ayin má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ikọ́ ti di ti ìdílé ọba nìkan. Akéde béèrè bóyá sísín náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó lé e lórí. Kóó!

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ sún mọ́ akéde. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa.

Àṣẹ karùn-ún! Àwọn àgbà ní gbígbóná ni ọ̀rọ̀ yìí, omi tútù la sì fi ń rọ gbígbóná. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nígbà tí ilẹ̀ gbóná láyé àwọn bàbá wa, ìlú sì tutù. Nítorí náà, kí gbogbo ilé lọ pọn omi Odò Òwèrè. Igbá mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà, igbá kan sí ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn aboyún ni kó ṣáájú. Láti àárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n wẹ̀ nínú odò, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá kọ̀, wọn yóò lé e kúrò nílùú.

Àṣẹ náà nìyẹn. Akéde ti kà á tán. Kò yọ ọ̀rọ̀ kan, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ẹ ń retí agogo. Ẹ dúró ná.

Níbo ni Òwèrè ti ń ṣàn wá? Ẹ dá akéde lóhùn nínú ọkàn yín. Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ilé iṣẹ́ kankan lórísun rẹ̀. Lówùúrọ̀ àná, akéde gba etídò lọ kéde ní Abà Ọlọ́pẹ. Ó rí páìpù ńlá kan tó ti inú ọgbà ilé iṣẹ́ náà jáde, tó ń da omi gbígbóná sínú odò. Ó rí ẹja àrọ̀ tó ti kú, tí wọ́n kọjú ikùn sókè. Ó kà wọ́n títí ó fi sú u. Ó rí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nínú aṣọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kó ẹja náà. Ta ló ń bo orí nítorí ẹja?

Akéde lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Olóyè Lágbókùn ní ẹnu akéde ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọn kò gba ojú rẹ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Akéde náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í títí di ìsinsìnyí.

Ìbídùn ọmọ akéde wà nílé, ẹ mọ̀ ọ́n. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kí èyí tó dúró. Oṣù kẹjọ rèé. Láàárọ̀ yìí, nígbà tó gbọ́ àṣẹ náà lẹ́nu bàbá rẹ̀, ó gbé kèrègbè, ó ní òun fẹ́ ṣáájú èrò dé odò, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ràn sí Ọba lẹ́nu ni. Akéde gba kèrègbè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń ba akéde! Ó ti rú àṣẹ kẹrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kà. Ṣé kó wá fọ́ kèrègbè ilé tirẹ̀, kó sì fi agogo lé tiyín lọ sódò?

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bàbá akéde lu agogo yìí, bàbá bàbá rẹ̀ lù ú. Ẹni tó bá kọ̀ láti lù ú lé àṣẹ Ọba, wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìran rẹ̀ kò sì ní kéde mọ́ láéláé. Akéde mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ wò ó. Ó gbé agogo sílẹ̀ nìyí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tì í. Ẹ bá a jẹ́rìí: kò sí agogo lórí àṣẹ karùn-ún! Kò sí agogo! Aboyún tó bá jókòó sílé rẹ̀ lọ́la kò rú òfin kankan. Omi òjò tí ẹ gbè ṣáájú ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ máa mu. Bó bá tán, kànga tó ní ìdérí. Bí Òwèrè bá wu Olóyè Lágbókùn, kó kọ́kọ́ bu igbá tirẹ̀ mu lójú gbogbo wa.

Ẹni tó gbọ́ nísàlẹ̀, kó gbé e gòkè. Ẹni tó wà lóko, ẹ dì í mọ́ oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ Ọba ni mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìyókù yìí, ọ̀rọ̀ akéde ni. Ẹni tí Ọba bá rán, kó wá gbé agogo rẹ̀. Ó wà nílẹ̀ níbí.